Kayak nígbà òtútù: wetsuit £80 tàbí drysuit £650?

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Glasgow ni mo ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ló fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa kayak, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀, lórí adágún Loch Lomond. Láti oṣù Karùn-ún ni mo ti ń bá wọn lọ, ó sì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn kì í dáwọ́ dúró nígbà òtútù. Mo rí wetsuit kan, aṣọ fóòmù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sómi, tí wọ́n dá owó rẹ̀ sí méjì, £80, wọ́n kọ 3/2 sí i lára. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ní kí n má fi owó ṣòfò, drysuit, èyí tí omi kò lè wọ̀, ni kí n rà, èyí tó sì fi hàn mí jẹ́ £650. Owó tí mo lè yọ kí Kérésìmesì tó dé kò ju £250 lọ. Wọ́n tún ní rọ́bà ọrùn drysuit kò bá irun dídì lọ, mi ò sì kì í fi irun sílẹ̀ láìdì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Fi wetsuit £80 yẹn sílẹ̀ níbi tí o ti rí i. Kò burú, ìgbà ooru ni wọ́n rán an fún. Ohun tí 3/2 ń sọ ni pé àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ kí ọjà òtútù tó wọlé ló fi dá owó rẹ̀ sí méjì.

Àmọ́ ẹni tó ní drysuit ni kí o rà náà kò sọ ọ́ tán. Mo mọ àwọn tó ná £900 sórí drysuit tí òtútù ṣì ń pa wọ́n lórí omi. Mo sì mọ àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì òkun ní Thurso, lókè pátápátá ní Scotland, nínú oṣù Kejì, wetsuit ni wọ́n wọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín jáde. Ohun tí èmi máa ń bi àwọn tí mo ń kọ́ ni pé: inú omi lo máa wà ni, àbí orí omi? Bí o bá ti dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Jẹ́ ká tibi omi náà bẹ̀rẹ̀. Èbúté Mẹ́ta ni mo dàgbà sí. Omi ọ̀sà tibẹ̀ máa ń súnmọ́ 28°C, ọmọdé lè wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi mú pàṣán wá pè é. Loch Lomond kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ tó mítà 190, omi tó sì pọ̀ tó báyẹn kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Nínú oṣù Kẹwàá ó ṣì ṣeé fara dà. Ní oṣù Kejì sí Ìkẹta, tí òdòdó ti ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà tí èèyàn rò pé òtútù ti ń lọ, ìgbà yẹn gan-an ni omi tutù jù, nǹkan bíi 5°C. Omi ni kí o máa wọṣọ fún, má wo ojú oòrùn. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú rọ́ lọ sétí omi, síbẹ̀ àwọn èèyàn kú sínú Loch Lomond yìí kan náà lópin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìwọ nọ́ọ̀sì, o mọ apá tó kàn yìí jù mí lọ, àwọn mìíràn tó ń kà á ni mo ń sọ fún. Omi ń fa ooru kúrò lára èèyàn ní ìlọ́po bíi 25 ju afẹ́fẹ́ tó tutù bákan náà. Ẹni tó ṣubú lójijì sínú omi tí kò tó 15°C kò ní kọ́kọ́ gbọ̀n. Á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì jẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà tó mí kanlẹ̀ yẹn, omi ló fà sínú. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti ri ara rẹ̀ sínú omi yìnyín láìmọye ìgbà nítorí ìwádìí, ló gé e kúrú sí 1-10-1: ìṣẹ́jú 1 láti fi gba èémí rẹ padà, ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ rẹ ṣì fi lè di nǹkan mú, wákàtí 1 kí òtútù tó mú ọ dákú. Wákàtí yẹn ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Èmi, ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ yẹn ló ń já mi láyà. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìwọ láíìfù jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ yòówù tí ì báà wà lára rẹ̀.

Fóòmù ni wetsuit. Bí o bá fi abẹ gé e wò, á dà bíi fóòmù ibùsùn tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ: ihò wínníwínní tí gáàsì wà nínú wọn. Gáàsì yẹn ló ń dá ooru ara rẹ dúró. Wọ́n á sọ fún ọ pé omi díẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ ló ń móoru tó sì ń bo èèyàn. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan, mo tilẹ̀ fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Berkeley ní California, tó gbé aṣọ yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ti rí i láti ìgbà náà pé bí gáàsì bá ti wà nínú aṣọ fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí awọ ara bá gbẹ kó tó móoru. Àlejò tí a kàn fara dà ni omi inú wetsuit. Bó bá ti ń wọlé tó ń jáde, ooru ara rẹ ló ń kó lọ. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ọ. Fi ìka fà á níbi ìbàdí lẹ́yìn: bí ọwọ́ rẹ bá rí àyè wọ ibẹ̀, ó ti tóbi jù fún ọ, bó ti wù kó nípọn tó.

Drysuit ò jọ ọ́ rárá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bíi kóòtù òjò, omi kò lè wọ ọ́, èyí tó dára nínú wọn a sì máa jẹ́ kí òógùn rí ọ̀nà jáde. Rọ́bà ló yí ọrùn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, wọ́n rán ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, síìpù rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí omi kò lè gbà kọjá. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò móoru. Wọ̀ ọ́ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì lásán kí o sì bọ́ sínú omi 5°C, wàá gbẹ táútáú, wàá sì máa gbọ̀n. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń móoru. Àwọn tí mo ní wọ́n ná £900 yẹn, jíǹsì àti ṣẹ́ẹ̀tì òwú ni wọ́n ń wọ̀ sínú rẹ̀. Òwú á fa òógùn mu bí ìrẹsì tó ń fa omi, á wá lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn láti ìgbà tí o bá ti sinmi jẹun. Irun àgùntàn tàbí fleece (aṣọ òtútù rírọ̀ tí kì í ṣe òwú) ni kí o wọ̀ sísàlẹ̀, kí ankara àti òwú máa dúró de òde àríyá.

Wàyí o, inú omi àbí orí omi? Ẹni tó ń gun ìgbì ní Thurso, inú omi ló wà. Ìgbì ń gbá a mọ́lẹ̀, ó ń jáde, ó ń fi ọwọ́ wẹ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, kò sì ní dúró lójú kan. Bó bá wọ drysuit, bí ẹni fi agbádá lúwẹ̀ẹ́ ni. Wetsuit 5/4 tàbí 6/5 tó ní fìlà lórí, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀wọ́ neoprene (fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe wetsuit), ló bá tirẹ̀ mu. Bí òkúta bá tún ya á níbi kan, á ṣì máa ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ihò kékeré kan lè sọ drysuit di korobá.

Ìwọ ńkọ́? Wàá jókòó sórí omi fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Wàá máa wa ọkọ̀, wàá dúró wo ẹyẹ, wàá dúró de ẹni tí àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lo máa ṣubú sómi, ó sì lè máà jẹ́ rárá. Bí wetsuit bá ti rin lára rẹ tí afẹ́fẹ́ orí òkè wá ń fẹ́ sí i, ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí àmù nídìí ògiri ló máa ṣe sí ọ: bí omi ara àmù bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti inú rẹ̀ ń tutù. Ó dára fún omi mímu, kò dára fún ọmọ ènìyàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, neoprene tó nípọn léjìká máa ń fa apá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí o bá na àjẹ̀ síwájú. Nǹkan tí apá rẹ máa ṣe ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárọ̀ kan nìyẹn.

Fún ìwọ, drysuit ni fún oṣù Kọkànlá sí Ìkẹrin. Ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ rẹ ti pínyà ni bóyá kí o rà á nísinsìnyí.

Drysuit ní ìkà tirẹ̀ náà. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, Sátidé kan nínú oṣù Kejì, mo ń kánjú. Síìpù tèmi gba ẹ̀yìn láti èjìká kan dé èkejì, èèyàn kò lè dá a fà. Ẹnìkan bá mi fà á, ó ní ó ti parí, mo ní ó ṣeun. Kò tíì parí. Ìwọ̀n ìka méjì ló ṣẹ́kù, okùn láíìfù jákẹ́ẹ̀tì sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìdánrawò la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, ni mo bá mọ̀ọ́mọ̀ da ọkọ̀ mi dé. Omi tútù kan ń rìn bọ̀ ní àárín ẹ̀yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rọ ẹmu sínú kèrègbè. Mo rò pé òógùn ni. Nígbà tí wọ́n fi máa fà mí dé etí omi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wú bí àpò pure water, ó ń mì bí mo ṣe ń mì.

Mi ò rì o. Wọ́n máa ń dẹ́rù ba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun pé bí drysuit bá kún, á fà á lọ sísàlẹ̀. Omi tó wà nínú omi kò ní ìwúwo lórí ẹni, láíìfù jákẹ́ẹ̀tì mi sì gbé mi dúró dáadáa. Ìgbà tí mo fẹ́ jáde ni mo rí i: mi ò lè gbé ẹsẹ̀ kan sókè, bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́ mi gun òkúta. Aṣọ ìsàlẹ̀ mi rin ṣinṣin, ọkàn mi sì ti ń ro inú mọ́tò àti híítà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bá mi fa síìpù, mo máa ń ní kó fi àtàǹpàkò tẹ ìparí rẹ̀, kó sọ fún mi pé ọwọ́ òun kan ìdí.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́. Bí o bá ti wọ drysuit tán, afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀, wàá rí bùnmùbùnmù bíi ọmọ tí wọ́n wé ní bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Lóṣòó, ká apá mọ́ àyà, fi ìka kan ṣí rọ́bà ọrùn díẹ̀. Á jáde fùù. Bí o bá wá dìde, aṣọ náà á lẹ̀ mọ́ ọ lára. Má wọ omi láìṣe é, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn á máa gbé ọ fò lójú omi, kò sì ní jẹ́ kí o lè lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tí o fẹ́.

Irun rẹ. Òótọ́ ni ẹni tó sọ fún ọ wí, àmọ́ kò mọ irun wa. Rọ́bà ọrùn gbọ́dọ̀ kan awọ ara yíká. Okùn irun kan ṣoṣo tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ti di ọ̀nà omi. Box braids tó gùn dé ẹ̀yìn ló ń fa ìjàngbọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ sì lè ya rọ́bà nígbà tí o bá ń kó orí gba inú rẹ̀. Kọ̀lẹ́sẹ̀ náà kò dára tó, torí ọrùn gan-an ló ń parí sí. Èyí tí èmi máa ń ṣe láti oṣù Kọkànlá ni ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ó ń ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ìpàkọ́ á mọ́ kedere, fìlà neoprene á sì jókòó lé e lórí láìdun ni. Ìyá mi rí fọ́tò mi nínú rẹ̀, ó ní ṣé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo tún padà sí. Bó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ tú èyí tó wà lórí rẹ, fi fìlà ìwẹ̀ tó tóbi kó gbogbo rẹ̀ sókè kí o tó ki orí bọ inú rọ́bà. Àwọn kan ń ṣe fìlà bẹ́ẹ̀ fún irun wa, Soul Cap lorúkọ rẹ̀. Òun ni àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní FINA nígbà náà, kọ̀ fún Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021 kí wọ́n tó yí ohùn padà ní 2022.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ fún ọ ní ẹgbẹ́ yẹn, torí àwọn kì í lò ó: má fi òrí para lọ́rùn àti ọrùn ọwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí o bá máa wọ drysuit. Àti òrí, àti àdí, àti fásílínì, gbogbo wọn ló ń jẹ rọ́bà. Oje igi rọ́bà tí wọ́n ń gbẹ́ nílé lọ́hùn-ún náà ni, epo ni ọ̀tá rẹ̀. Rọ́bà ọrùn mi àkọ́kọ́ lẹ̀ pọ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù kó tó pé ọdún méjì, mo ń bú ẹni tó tà á fún mi, àṣé ọwọ́ ara mi ni. Fi páúdà díẹ̀ sí rọ́bà kí o tó wọ̀ ọ́, fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́yìn tí o bá bọ́ ọ, má sá a sóòrùn. Bó bá fún ọ lọ́rùn ọwọ́ jù nígbà tó ṣì tuntun, ki agolo mílíìkì bọ̀ ọ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bí awọ rẹ kì í bá gba irú rọ́bà yìí, tí wọ́n ń pè ní latex, àwọn kan wà tí wọ́n fi neoprene ṣe ọrùn wọn. Wọ́n lè máa jò díẹ̀, wọn kì í fún ni lọ́rùn.

Kí n má gbàgbé ìtọ̀. Òtútù máa ń lé èèyàn lọ tọ̀, ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Drysuit tí kò ní síìpù fún ìyẹn, má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Fún obìnrin, èyí tí síìpù rẹ̀ gba ẹ̀yìn yí ìbàdí ká ló rọrùn jù lójú tèmi.

Ó ku owó. Kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ yín léèrè bí wọ́n bá ní drysuit tí wọ́n ń yá ọmọ ẹgbẹ́, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ọ̀kan tàbí méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní, yá a, kí o fi owó tìrẹ ra ohun tó máa wà nínú rẹ̀: aṣọ fleece alápapọ̀ tó bo apá dé ẹsẹ̀, nǹkan bíi £70, àti ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn méjì. Ra fìlà neoprene. Ra àpò ọwọ́ tí wọ́n ń so mọ́ àjẹ̀, tí wàá ki ọwọ́ bọ̀ láti fi di igi àjẹ̀ mú nínú rẹ̀. Ó móoru ju ìbọ̀wọ́ lọ, ọwọ́ rẹ á sì ṣì mọ ohun tó dì mú. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju £140 lọ. Èyí tó kù, tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún, kí o fi kún un, kí o wá tòkunbọ̀ drysuit. Ìgbà yẹn ni àwọn tó rà á nítorí afẹ́ máa ń tà á.

Bí o bá lọ wo tòkunbọ̀, mú omi ọṣẹ dání. Fa gbogbo síìpù, fi ìgò dí rọ́bà ọwọ́, ká ti ọrùn pọ̀, fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí á fi le, kí o wá máa fi omi ọṣẹ pa á lójú rírán àti lẹ́bàá síìpù, bí fọkanáísà ṣe ń wá ihò ara táyà. Ibi tó bá hó, ibẹ̀ ló ń jò. Rọ́bà ọrùn tó ti gbó kò yẹ kó lé ọ padà, nǹkan bíi £50 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ lórí owó. Síìpù tó ti le tàbí tí eyín rẹ̀ ti ká kúrò ni kí o sá fún. Ìyẹn máa ń ju £100 lọ.

Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní èyí tí wọ́n ń yáni, wetsuit tí kò lápá, mìlímítà 3, ni kí o rà, kí o gbé jákẹ́ẹ̀tì tí omi kò wọ̀ lé e lórí pẹ̀lú fleece láàárín. Apá rẹ á rí àyè wa ọkọ̀, ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ á móoru. Ìyẹn á gbé ọ dé ìparí oṣù Kẹwàá, nítòsí etí omi, níbi tí o ti lè fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Láti oṣù Kọkànlá lọ, jókòó sílé títí drysuit á fi dé. Mo mọ̀ pé wọ́n á máa fi fọ́tò orí omi ránṣẹ́ sí WhatsApp yín, ọkàn rẹ á máa fà. Jẹ́ kó máa fà.

Bí wọ́n bá yá ọ ní ọ̀kan kí Sátidé tó dé, má wọ ọkọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Rìn wọ omi dé àyà ní Milarrochy, létí Loch Lomond, kí ẹnìkan dúró tì ọ́, kí o léfòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà jáde, bọ́ ọ, fi ọwọ́ kan fleece rẹ níbi ẹ̀yìn, ọrùn ọwọ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Ibi tó bá rin, sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe kí ìwọ àti Loch Lomond tó pàdé ní àárín.